Orí Kẹsàn-án: Àtúntọ́jú Eyín tí Ìtọ́jú Gbòǹgbò Rẹ̀ Kò Jẹ́

Ìtọ́jú gbòǹgbò eyín ni pé kí dókítà eyín kó mùdùnmúdùn tó ti kú tàbí tó ń kú lọ kúrò nínú eyín, kí ó fọ ihò tí mùdùnmúdùn náà wà, kí ó sì dí i pa. Bí ó bá jẹ́, eyín náà á máa rún oúnjẹ lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Bí kò bá jẹ́, ara ni yóò sọ: egungun tó yí ṣóńṣó gbòǹgbò ká á máa yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ọyún á wá ojú jáde lára ẹran ìdí eyín, tàbí kí eyín náà máa dun ẹni tó bá fi fọ́ egungun. Àtúntọ́jú ni pípadà sínú eyín kan náà. A ó tú ohun tí a fi dí i, a ó wá ibi tí àrùn fara pamọ́ sí, a ó fọ ibẹ̀, a ó sì tún un dí. Iṣẹ́ yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ, torí pé ẹni tó ń ṣe é ní láti kọ́kọ́ tú iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣáájú rẹ̀ kí ó tó lè bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀.

Ìdí tí ìtọ́jú àkọ́kọ́ fi ń kùnà

Ní ọdún 1965, Kakehashi, Stanley àti Fitzgerald tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà tí a kò lè kọ́ ẹ̀kọ́ yìí láìdárúkọ rẹ̀. Wọ́n lu eyín àwọn eku títí ó fi kan mùdùnmúdùn, wọ́n sì fi ojú ihò sílẹ̀ gbayawu kí oúnjẹ máa wọ̀ ọ́. Àwọn eku kan wà tí wọ́n bí tí wọ́n sì tọ́ níbi tí kòkòrò àìfojúrí kankan kò lè dé. Àwọn yòókù ń gbé bí eku ṣe ń gbé. Mùdùnmúdùn eyín àwọn eku tó ní kòkòrò lẹ́nu kú, ó sì di ọyún. Ti àwọn tí kò ní kòkòrò kò kú. Pẹ̀lú gbogbo oúnjẹ tó há sínú ihò, eyín wọn tún mú egungun eyín tuntun jáde láti fi bo ojú ọgbẹ́ náà. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ pé kòkòrò ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìtọ́jú gbòǹgbò bá kùnà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ibi tí kòkòrò náà kù sí, tàbí ọ̀nà tí ó gbà padà wọlé.

Ibi tí ó sábà máa ń kù sí ni ihò tí dókítà kò rí. Àwòrán inú ìwé máa ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé ihò gbòǹgbò lọ tààrà bí ihò inú fèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbòǹgbò kan lè ní ihò méjì. Ihò méjì lè pàdé nísàlẹ̀. Ihò kan lè pín sí méjì kí ó tó dé ṣóńṣó. Àlàfo pẹlẹbẹ lè so ihò kan mọ́ èkejì, àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sì lè yà sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí irinṣẹ́ kankan kò lè wọ̀. Eyín tó ń dá dókítà lágara jù ni eyín ńlá àkọ́kọ́ lókè, èyí tó máa ń hù nígbà tí ọmọ bá tó ọdún mẹ́fà. Ó ní gbòǹgbò mẹ́ta, ọ̀kan níhà àjà ẹnu, méjì níhà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nínú méjì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, èyí tó wà níwájú ní ihò kejì nínú èyí tó ju ìdajì irú eyín bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò náà kéré, ó fara pamọ́ sábẹ́ etí egungun eyín, ẹni tó bá sì ti rí ihò mẹ́ta lè rò pé iṣẹ́ ti parí. Eyín iwájú ìsàlẹ̀, bó ti kéré tó, nǹkan bí 40 nínú 100 ló ní ihò méjì.

Nígbà mìíràn a rí gbogbo ihò, ṣùgbọ́n a kò fọ̀ wọ́n dé ìsàlẹ̀. Fáìlì, ìyẹn ayùn wẹ́wẹ́ tí a fi ń ha inú ihò, lè kọ etí sí ibi tí gbòǹgbò ti tẹ̀, kí ó wá gbẹ́ àtẹ̀gùn kékeré síbẹ̀ tí fáìlì mìíràn kò ní lè kọjá mọ́. Ó lè kán sínú ihò. Ó sì lè lu ara gbòǹgbò já sí ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe irin tó kán gan-an ló ń fa àrùn, nítorí irin fúnra rẹ̀ kò ní kòkòrò nínú. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó dí ọ̀nà mọ́ omi ìfọhò, ohun tó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní jáde. Bí fáìlì bá kán nígbà tí ihò ti mọ́, eyín náà lè wà bẹ́ẹ̀ láìsí wàhálà títí ayé.

Lẹ́yìn èyí ni ti ọ̀nà òkè. Itọ́ kún fún kòkòrò, bí ohun tí a fi bo orí eyín bá sì jò, itọ́ á rọra ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ohun ìdíhò wọ inú gbòǹgbò. Ní ọdún 1995, Ray àti Trope yẹ àwòrán ẹ́síréè eyín 1010 tí wọ́n ti tọ́jú gbòǹgbò wọn wò, wọ́n sì rí i pé bí a ṣe tún orí eyín ṣe ní ipa lórí ìlera egungun ìdí rẹ̀ ju bí a ṣe dí gbòǹgbò rẹ̀ lọ. Àwọn tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́yìn wọn sọ pé méjèèjì ló ṣe pàtàkì, kò sí èyí tó lè gba ipò èkejì. Níbi tí aláìsàn ti ń fi owó àpò ara rẹ̀ gba ìtọ́jú, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà, ewu yìí tóbi: ìrora á lọ lẹ́yìn ìpàdé àkọ́kọ́, owó adé tí a ó fi bo eyín á ṣòro, aláìsàn kò sì ní padà wá. Ohun tí a fi bò ó fún ìgbà díẹ̀, èyí tí a ṣe láti lò fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta, á wà níbẹ̀ fún ọdún kan. Kò sí bí ìtọ́jú gbòǹgbò ṣe lè dára tó tí irú ìyẹn kò ní bà á jẹ́.

Itọ́ tún lè wọ eyín lọ́jọ́ iṣẹ́ gan-an, bí dókítà kò bá ta rọ́bà pẹlẹbẹ yí eyín ká. Láti ọdún 1864 ni Sanford Barnum ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo rọ́bà yìí ní New York. Ó ju àádọ́jọ ọdún lọ báyìí, àwọn dókítà kan kò sì tíì kà á sí dandan.

Àwọn kòkòrò tí a ń bá nínú eyín tí ìtọ́jú rẹ̀ kùnà yàtọ̀ sí ti eyín tí a kò tíì fọwọ́ kàn. Nínú eyín tí a kò tíì fọwọ́ kàn, oríṣiríṣi wọn ló ń gbé pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́. Nínú eyín tí a ti dí, àwọn díẹ̀ tó lágídí ló kù. Èyí tí orúkọ rẹ̀ máa ń jáde jù ni Enterococcus faecalis, kòkòrò inú ìfun, tó lè fara da ebi fún oṣù púpọ̀, tó sì lè yè nínú oògùn tó ń pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti di gbogbo ẹ̀bi rù ú nígbà kan. Àwọn ìwádìí tuntun tó ń ka àbùdá àwọn kòkòrò fi hàn pé kò dá nìkan ṣe é, àti pé nínú eyín mìíràn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ní ìwọ̀nba díẹ̀, àrùn kì í sí nínú ihò mọ́. Àpò omi lè ti dá dúró fúnra rẹ̀ nínú egungun, tàbí kí kòkòrò ti dó sí ìta gbòǹgbò, tàbí kí gbòǹgbò ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àtúntọ́jú láti inú eyín kò ní ran àwọn wọ̀nyí lọ́wọ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó kùnà lóòótọ́

Ẹni tó bá ní eyín dun òun lè má mọ èyí tó ń dùn ún. Ìrora eyín òkè lè jẹ́ ti ihò inú egungun ẹ̀gbẹ́ imú tó wú. Bí eyín tí a ti dí gbòǹgbò rẹ̀ bá ń ta nígbà tí aláìsàn bá mu omi tútù, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fura sí, torí pé eyín tí kò ní mùdùnmúdùn kò yẹ kí ó mọ òtútù; bí gbogbo eyín ẹ̀gbẹ́ bá sì yege, ó ṣeé ṣe kí ihò kan tí a kò rí ṣì ní ẹran alààyè nínú. Orí eyín tí a tún ṣe tó ga díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ á máa dùn nígbà tí a bá pa ẹnu dé, bí a bá sì ha á sílẹ̀ díẹ̀, ìrora náà á lọ.

Àwòrán ẹ́síréè ni ẹlẹ́rìí tó lágbára jù, ṣùgbọ́n àfi kí a mọ bí a ṣe ń bi í léèrè. Ojú dúdú ní ṣóńṣó gbòǹgbò túmọ̀ sí pé egungun ti dín níbẹ̀. Kò sọ bóyá àrùn náà ń pọ̀ sí i tàbí ó ń jinná. Egungun kì í hù padà lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, àwòrán kan ṣoṣo kò tó láti dá eyín lẹ́bi; àwòrán tí a yà nígbà ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni kí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ ti òní. Bí ojú dúdú náà bá ti kéré sí i, sùúrù ni oògùn rẹ̀. Bí ó bá tóbi sí i, tàbí tí ó hù níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, ìtọ́jú ti kùnà, aláìsàn ìbáà má mọ ìrora kankan. Ọ̀pọ̀ irú eyín yìí kì í dunni. Ẹ́síréè àtijọ́ ń sọ ohun tó ga, tó fẹ̀, tó sì jìn di pẹlẹbẹ, ohun tó wà lẹ́yìn gbòǹgbò lè sá pamọ́ fún un. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán náà yíká lè fi ihò tí a kò rí àti ibi tí gbòǹgbò lù hàn, ṣùgbọ́n irin tàbí ohun ìdíhò inú eyín máa ń jù ìtànṣán sí àwòrán rẹ̀, a sì lè rò pé gbòǹgbò là nígbà tí kò là.

Bí ọyún bá ti lu ojú jáde lára ẹran ìdí eyín, a lè ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gutta-percha, ohun tí a fi ń dí ihò gbòǹgbò, bọ ojú náà, kí a sì ya àwòrán. Ṣóńṣó rẹ̀ á tọ́ka sí gbòǹgbò tó jẹ̀bi. Níkẹyìn, a ó fi irin ìwọn yí ìdí eyín ká. Bí irin náà bá wọlẹ̀ jìn ní ojú kan ṣoṣo tó há, tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ tó kù sì dáa, ó ṣeé ṣe kí gbòǹgbò ti là, eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ sì là báyìí, yíyọ ló kàn.

Bí a ṣe ń ṣe àtúntọ́jú

Eyín náà ti kú, ẹran tó yí i ká kò kú. A ó fún aláìsàn ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, a ó ta rọ́bà, a ó sì ṣí orí eyín. Ó bọ́gbọ́n mu láti bọ́ adé àtijọ́ bí a bá fura pé ó ń jò, nítorí a ó lè rí ìbàjẹ́ tàbí ìlà abẹ́ rẹ̀. Bí adé náà bá dára, a lè lu ihò gba àárín rẹ̀ kọjá.

Bí irin ìdúró bá wà nínú gbòǹgbò, ìyẹn èyí tí a fi gbé orí eyín ró, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n rìrì ni a ó fi kàn án títí sìmẹ́ńtì tó dì í mú yóò fi fọ́. Omi ní láti máa ṣàn sí i. Eriksson àti Albrektsson fi hàn ní ọdún 1983 pé bí egungun bá gbóná dé 47°C fún ìṣẹ́jú kan péré, ó lè kú, irin sì ń gbé ooru lọ sínú egungun kíákíá.

Lẹ́yìn náà ni a ó kó gutta-percha jáde. Omi igi Palaquium ti ilẹ̀ Malaysia àti Indonesia ni wọ́n ti ń rí i, ìbátan rọ́bà ni, láti ọdún 1867 tí Bowman ti lò ó ní Amẹ́ríkà ni ó sì ti ń borí àwọn ohun ìdíhò yòókù. Ọ̀kan nínú àǹfààní rẹ̀ ni pé ó ṣeé tú. Ooru á rọ ti òkè, fáìlì tó ń yí á fà á jáde, fáìlì ọwọ́ á sì kó ìyókù. Bí ó bá le, ẹ̀kán kílórófọ́ọ̀mù tàbí òróró èèpo ọsàn á yọ́ ọ. Ọwọ́ fẹ́rẹ́ ni kí a fi lo àwọn omi wọ̀nyí: bí wọ́n ti ń yọ́ gutta-percha ni wọ́n ń tẹ́ ẹ mọ́ ara ògiri ihò, ibi tó tẹ́ mọ́ náà ni kòkòrò á sá sí. Kò sì sí ọ̀nà kankan tó ń kó o tán pátápátá. Ohun tí a ń lépa ni kí ó kù díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omi ìfọhò á fi ráyè kan ògiri.

Kì í ṣe gbogbo ohun ìdíhò ló rọrùn báyìí. Ọ̀pá fàdákà tí wọ́n fẹ́ràn láti nǹkan bí ọdún 1930 síwájú máa ń dípẹtà nínú gbòǹgbò, ó sì lè kán bí a bá fà á. Èyí tó burú jù ni àpòpọ̀ pupa tí wọ́n fi resorcinol àti formaldehyde ṣe, èyí tó gbilẹ̀ ní Rọ́ṣíà àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí i ká nígbà ìjọba Soviet. Ó máa ń le bí òkúta, omi kankan kì í yọ́ ọ, ó sì máa ń pa eyín láró. Dókítà tó bá rí eyín pupa bí àlùbọ́sà gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń retí rẹ̀.

Lẹ́yìn títú ni wíwá. Ìmọ́lẹ̀ àti máíkírósíkóòpù ló yí apá yìí padà jù. Ilẹ̀ inú eyín ní ìlà dúdú tó so ẹnu àwọn ihò pọ̀; ẹni tó bá tẹ̀lé ìlà náà yóò dé ihò tí a kò rí. Àwọ̀ búlúù tí a bá tú sí i máa ń kù sínú ẹnu ihò lẹ́yìn tí a bá fi omi ṣàn án. Bí fáìlì tó kán bá wà lápá òkè tí ojú sì tó o, a ó rọra gbẹ́ yí i ká, a ó sì gbọ̀n ọ́n jáde. Bí ó bá wà lẹ́yìn ibi tí gbòǹgbò ti tẹ̀, a lè gbìyànjú láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí kò bá sì ṣeé ṣe, kí a fi í sílẹ̀. Gbígbẹ́ egungun eyín púpọ̀ láti yọ irin kékeré kan ni ọ̀nà tó yá jù láti la gbòǹgbò. Ibi tí gbòǹgbò lù, MTA ni a ó fi dí i, ohun kan tí Torabinejad àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní California ní ọdún 1993, tó bá sìmẹ́ńtì tí a fi ń kọ́lé tan, tó sì máa ń gan nínú omi.

Ẹ̀rọ tó ń fi iná tín-ín-rín wọn ihò ni yóò sọ ibi tí gbòǹgbò parí sí, àwòrán á sì jẹ́rìí sí i. A ó tún ihò ha dé nǹkan bí mìlímítà kan sí ṣóńṣó. Láti ọdún 1988 tí Walia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi àdàlú nickel àti titanium ṣe fáìlì, irinṣẹ́ ti ń tẹ̀ lé ibi tí gbòǹgbò ti tẹ̀ láìfi bẹ́ẹ̀ lù ú. Síbẹ̀ fáìlì kì í kan gbogbo ògiri, omi ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Sodium hypochlorite ni omi àkọ́kọ́, èyí kan náà tó wà nínú jíìkì tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Ó ń pa kòkòrò, ó sì ń yọ́ ẹran òkú. EDTA á wá kó ìyẹ̀fun egungun eyín tí fáìlì lẹ̀ mọ́ ògiri kúrò. Sodium hypochlorite kò gbọdọ̀ kọjá ṣóńṣó gbòǹgbò. Bí a bá fi agbára tú u, ojú aláìsàn lè wú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, pẹ̀lú ìrora ńlá. A kò sì gbọdọ̀ pò ó pọ̀ mọ́ chlorhexidine, omi ìfọhò mìíràn, nítorí ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tí méjèèjì ń dì sí á dí àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ náà.

Bí ọyún bá ṣì ń jáde, a ó kó calcium hydroxide sínú ihò fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí a tó dí i. Ọ̀pọ̀ kòkòrò kò lè gbé nínú rẹ̀. Enterococcus faecalis wà lára àwọn tó máa ń fara dà á díẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí a gbé mì kò lè rọ́pò èyíkéyìí nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn wọ inú eyín tó ti kú, oògùn inú ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dé ibi tí kòkòrò wà. Ìgbà tí ojú bá wú tí ibà sì dé, tí àrùn ti ń tàn káàkiri ara, ni a ń lò ó.

Dídí ihò kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. A ó fi gutta-percha àti sìmẹ́ńtì rẹ̀ dí i, a ó bo ẹnu ihò náà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ohun tí kò ní jò, a ó sì fi adé bo eyín ẹ̀yìn láìfi falẹ̀. Ìrora díẹ̀ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kì í ṣe àmì ìkùnà.

Èso ìtọ́jú àti ohun tó kù láti ṣe

Ní Umeå, Sweden, Sjögren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àwọn aláìsàn fún ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá, wọ́n sì tẹ àbọ̀ wọn jáde ní ọdún 1990. Eyín tí egungun ìdí rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ nígbà ìtọ́jú àkọ́kọ́ yege ní 96 nínú 100. Èyí tí egungun rẹ̀ ti bàjẹ́ yege ní 86. Èyí tí a tún tọ́jú tí egungun rẹ̀ sì ti bàjẹ́ yege ní 62. Iṣẹ́ tó jáde láti ọ̀dọ̀ ọ̀wọ́ kan náà ní ọdún 1998 lórí eyín 54 irú èyí tó kẹ́yìn fi 74 nínú 100 hàn. Ohun tó yẹ kí a rí nínú àwọn ìṣirò yìí ni pé ìbàjẹ́ egungun ló ń dín àṣeyọrí kù. Eyín tí a tún dí nítorí pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ kò dára lójú àwòrán, tí egungun rẹ̀ kò sì ní àrùn, sábà máa ń ṣe dáadáa.

A ó ya àwòrán lẹ́yìn ọdún kan, bí ojú dúdú bá sì ṣì wà, a ó máa wò ó títí di ọdún mẹ́rin. Bí kò bá kúrò lẹ́yìn náà, tàbí bí ọ̀nà inú eyín kò bá ṣeé gbà rárá, iṣẹ́ abẹ ni ó kù: a ó la ẹran ìdí eyín, a ó gé nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta kúrò ní ṣóńṣó gbòǹgbò, níbi tí ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀ka wẹ́wẹ́ wà, a ó sì fi MTA dí ẹnu tó kù láti ìsàlẹ̀. Bí eyín kò bá ní ara tó lókè tó lè gbé adé dúró, tàbí tí egungun kò bá dì í mú mọ́, kò sí ìdí láti na owó aláìsàn sórí gbòǹgbò rẹ̀. Kí a yọ ọ́, kí a sì jíròrò pẹ̀lú aláìsàn bóyá àlàfo náà á wà bẹ́ẹ̀, tàbí a ó fi eyín àtọwọ́dá dí i.